Alárenà Inú Ilé: Bí A Ti Ń So Àwọn Ẹ̀rọ Ilé Pọ̀ Mọ́ Ara Wọn



 Lẹ́yìn àsàlátù ọ̀sẹ̀ kan ní Ìlọrà, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan dúró dè mí lẹ́nu géètì mọ́sálásí. Méjì nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ iná, ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin tí ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan wà ní Fìdítì tí ó ti fẹ́ sọ wá di ẹlẹ́yà.”

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Ọmọ ìlú kan tí ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ́lé fún ìyá rẹ̀, Alhaja àgbàlagbà kan. Nígbà tí ilé parí, ó kó ẹrù ránṣẹ́: gílóòbù tí ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí kò ní ojú ihò, sọ́kẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà, àti ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń pè ní hub. Ó ní kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí òun lè máa ti ọ̀hún tan iná, kí òun máa pọn omi sí táńkì, kí òun sì máa rí ẹni tí ó wọlé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, hub kan yọ èéfín. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn títí, kò dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta, gílóòbù tan, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ sílé. Àmọ́ ní nǹkan bí aago méjì òru, iná tí ó ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ dé, gbogbo gílóòbù inú ilé sì tan lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti orí ibùsùn Alhaja. Ìyá rò pé olè ti wọlé, wọ́n sáré bọ́ síta pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní, “Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ kó wọlé mi jáde.” Owó iṣẹ́ kò sì tíì wọlé.

Mo tẹ̀lé wọn lọ. Ohun tí a bá níbẹ̀ àti bí a ti tún un ṣe ni ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí i, nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Fìdítì títí dé Ìlọrà àti Awẹ́. Bí àwọn ọmọ Afijió kò bá mọ iṣẹ́ náà, láti Èkó ni wọn yóò ti máa gbé ẹni tí yóò ṣe é wá.

ỌGBỌ́N YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Ẹni tí ó bá rò pé Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́ ti ṣẹ̀, kò ka ìtàn àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn. Ní ìlú Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 850, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan wà, Muhammad, Ahmad àti Hasan, tí ayé mọ̀ sí Banu Musa, ìyẹn àwọn ọmọ Musa. Wọ́n kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Kitab al-Hiyal, wọ́n sì ṣàlàyé nǹkan bí 100 ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Fìtílà tí ń fúnra rẹ̀ ti òwú síwájú wà níbẹ̀, fèrè tí kò sí ẹni tí ń fọn ọ́n tí ó sì ń dún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni al-Jazari, òṣìṣẹ́ ààfin àwọn ọba Artuq ní agbègbè Diyarbakir, parí ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1206. Ó ṣe ẹ̀rọ àlùwàlá kan níbẹ̀, ère kékeré tí ń da omi síni lọ́wọ́, tí yóò sì tún na aṣọ ìnuwọ́ síni nígbà tí omi bá tán.

Àwọn Banu Musa yìí ti ń lo ohun tí ń léfòó lórí omi láti fi ṣí ojú omi àti láti fi dí i. Ẹ wo inú táńkì omi tí ó wà nínú àgbàlá yín, ẹ ó rí bọ́ọ̀lù kan tí ń léfòó níbẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á lọ sílẹ̀, ojú omi á ṣí. Bí omi bá kún, bọ́ọ̀lù á gòkè, ojú omi á dí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù yẹn ń dá ṣe: ó ń wo bí omi ti rí, ó ń pinnu ohun tí ó yẹ, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Nínú ilé òde òní, wọ́n ti pín iṣẹ́ mẹ́ta náà fún ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú tí ń wòran wà lẹ́nu ọ̀nà, ọpọlọ tí ń pinnu wà ní pálọ̀, ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Bí wọn kò bá rí ọ̀nà ránṣẹ́ sí ara wọn, asán ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ ìsopọ̀.

KÍ NI HUB, ÈDÈ WO NI Ó Ń SỌ?

Hub ni alárenà. Ẹ̀rọ kékeré tí ń wo bóyá ilẹ̀kùn ṣí tàbí ó tì, bátìrì tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ ni ó ń lò. Bí a bá ní kí ó máa sọ èdè Wi-Fi bí fóònù ti ń sọ ọ́, bátìrì náà kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà ni wọ́n fi fún un ní èdè tí kò gba agbára, tí ó fi lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bátìrì kan. Àmọ́ fóònù wa kò gbọ́ èdè náà. Hub ni ó dúró láàárín, ó ń gbọ́ ti ẹ̀rọ kékeré ní apá kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ní apá kejì.

Àwọn èdè tí ẹ ó bá pàdé jù nìyí. Èkíní ni Wi-Fi, tí gbogbo yín mọ̀. Èkejì ni Zigbee, tí ó ń gba orí ìgbì rédíò kan náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ Wi-Fi, ìyẹn 2.4 GHz. Ẹ̀kẹta ni Z-Wave, tí àwọn ará Denmark bẹ̀rẹ̀, tí ìgbì tirẹ̀ kò dé 1 GHz. Bluetooth náà wà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àìrí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ńlá fohùn ṣọ̀kan, wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Matter, kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan lè máa bá ti ilé iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ó dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹrù tí àwọn ará òkè òkun ń kó wálé ti wà kí Matter tó dé, ẹ má sì rò pé orúkọ Matter lára páálí yóò yanjú ohun gbogbo.

Níbi Z-Wave yìí ni a ti rí ẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn Alhaja. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìgbì tí a yàn fún Z-Wave. Ti Amẹ́ríkà wà ní agbègbè 908 MHz, ti Yúróòpù wà ní 868 MHz. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ra kọ́kọ́rọ́ náà, ṣùgbọ́n hub tí ó kù láìjóná jẹ́ èyí tí àbúrò onílé rà ní London. Bí ẹ bá fi ọdún kan gbáko tẹ bọ́tìnnì wọn, wọn kò lè gbọ́ ara wọn láéláé, gẹ́gẹ́ bí rédíò tí a yí sí ibùdó Ìbàdàn kò ti lè gbé ti Ìlọrin. Kò sí ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ lè ṣe sí i. Kí ẹ tó tú páálí rárá ni kí ẹ ti ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Zigbee ní ìwà kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀rọ Zigbee tí a bá so mọ́ iná ilé máa ń gba iṣẹ́ tí ẹ̀rọ mìíràn rán, á sì fi í jíṣẹ́ fún èyí tí ó wà níwájú, bí àwọn ọmọ kéékèèké ti máa ń gba búlọ́ọ̀kù fún ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Èyí tí ń lo bátìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, èyí kò ní wàhálà. Lọ́dọ̀ wa, bí iná bá lọ, gbogbo àwọn agbabúlọ́ọ̀kù yẹn ti kú nìyẹn, ẹ̀rọ bátìrì tí ó wà lẹ́nu géètì kò sì ní rí ẹni tí yóò bá a jíṣẹ́ dé pálọ̀. Nítorí náà, ó kéré tán ẹ fi ẹ̀rọ Zigbee méjì tàbí mẹ́ta sí ojú iná tí ínfátà ń gbé, kí ọ̀nà má baà já.

INÁ TI AMẸ́RÍKÀ KỌ́ NI INÁ TIWA

Hub tí ó yọ èéfín kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iná 120 fóltì ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ọ̀dọ́ wa sì fi í sínú 230 fóltì pẹ̀lú orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà lọ́jà. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í dín agbára iná kù, ìrísí ẹnu ni ó ń yí. Bí ẹ bá rí i lára ẹ̀rọ pé 100–240V ni wọ́n kọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ gbé e sílẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́gbọ́n tí Alhaja gbà láti Amẹ́ríkà, mẹ́rin ni, kò sí èyí tí a lè lò nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ súìṣì, nítorí ibẹ̀ ni ikú wà.

Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ilẹ̀ wa kọ́. Nínú ìlànà náà, wáyà tí iná gbà padà, èyí tí wọ́n ń pè ní níútírà, òkè àjà níbi gílóòbù ni ó sábà máa ń dúró sí, kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sí súìṣì ara ògiri. Bí ẹ bá pa iná gbogbo ilé láti ibi mítà, tí ẹ sì ṣí ojú súìṣì, wáyà méjì ni ẹ ó sábà bá níbẹ̀. Ọ̀kan gbé iná wá, èkejì gbé e lọ sókè sí gílóòbù. Àmọ́ súìṣì ọlọ́gbọ́n fúnra rẹ̀ ń jẹun. Ó ní láti rí iná lò ní gbogbo ìgbà kí ó lè máa gbọ́ ohun tí hub ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí níútírà.

Nínú ilé àtijọ́, pupa ni wáyà tí iná gùn, dúdú ni níútírà. Nínú ilé tuntun, ó ti di àwọ̀ igi àti àwọ̀ aró. Ẹ ṣọ́ra o! Dúdú tí ẹ bá rí lẹ́yìn súìṣì nínú ilé àtijọ́ kì í ṣe níútírà. Wáyà tí ń gbé iná lọ sí gílóòbù ni, iná wà lára rẹ̀ nígbàkúgbà tí súìṣì bá wà ní títàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti mú un lọ́wọ́ tán láti fi ṣe níútírà kí n tó pariwo lé e lórí. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ojú lásán dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí kò bá sì tíì kọ́ṣẹ́ iná, kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó kọ́ ọ di wáyà mú, kí òun di kọ̀ǹpútà mú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti bọ́ nínú wàhálà níútírà. Súìṣì kan wà tí kò nílò rẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ ṣẹ́ gba inú gílóòbù kọjá, ṣùgbọ́n gílóòbù LED kéékèèké máa ń ṣẹ́jú nítorí èyí. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù: ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí a ń fi sókè àjà níbi tí níútírà wà. Súìṣì ara ògiri á wà níbẹ̀ bí ó ti wà, ọwọ́ á lè tẹ̀ ẹ́, fóònù náà á sì lè pàṣẹ fún un. Ohun tí a ṣe ní yàrá Alhaja nìyẹn.

Ní ti iná tí ó tan ní òru, ẹ̀bi ìṣètò ni. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe gílóòbù ọlọ́gbọ́n, wọ́n máa ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé bí iná bá lọ tí ó sì dé, kí wọ́n tan. Ẹni tí ó ṣe é rò pé bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni iná ń lọ! Nínú app gílóòbù náà, ìṣètò kan wà tí ń sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí iná bá dé: kí ó tan, kí ó wà ní pípa, tàbí kí ó padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ yàn án kí ó padà sí bí ó ti wà. Bí ẹ bá bi mí, mi ò ní fi gílóòbù ọlọ́gbọ́n sí ilé kankan ní àdúgbò wa. Ẹ fi ọgbọ́n sínú súìṣì, kí gílóòbù jẹ́ gílóòbù. Bí àlejò bá pa súìṣì ara ògiri, gílóòbù ọlọ́gbọ́n kú nìyẹn, fóònù ò lè rí i mọ́.

NÍBO NI ỌPỌLỌ WÀ?

Àwọn àgbà ní ojú mọ ojú tán, alárenà á yẹ̀ba. Hub kì í yẹ̀ba. Ọjọ́ tí ó bá yẹ̀ba, ìgbéyàwó tú ká. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹ bèèrè, kí ẹ tó ra hub, pé níbo ni ọpọlọ rẹ̀ wà: ṣé inú ilé ni, àbí inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní òkè òkun?

Hub kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Revolv. Ilé iṣẹ́ Nest, tí Google ti rà, ra Revolv ní ọdún 2014, wọn kò sì tà á fún ẹlòmíràn mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa kọ̀ǹpútà tí ó ń gbọ́ràn sí, gbogbo hub náà tí ó wà nílé àwọn èèyàn sì di páálí lásán, bẹ́ẹ̀ 300 dọ́là ni wọ́n ti tà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ti Insteon náà dákẹ́ láìsí ìkìlọ̀, kí àwọn tí ń lò ó tó kó owó jọ tí wọ́n ra ilé iṣẹ́ náà ní oṣù kẹfà. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, wàhálà íntánẹ́ẹ̀tì sì bá Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ wo ilé tí súìṣì pálọ̀ rẹ̀ ní láti gba àṣẹ láti òkè òkun kí ó tó tan! Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà ní Fìdítì yóò jókòó sínú òkùnkùn nítorí wáyà tí ó já ní Côte d'Ivoire, bẹ́ẹ̀ bátìrì sólà rẹ̀ kún.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni kí ọpọlọ wà nínú ilé. Ní ọdún 2013, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tí ń jẹ́ Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Home Assistant. Ọ̀fẹ́ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ti bá a fi kún un. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ ti pa tì sábẹ́ ibùsùn. Bí a ti ṣe é ní ilé Alhaja nìyí.

A fi Home Assistant sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan. A kò lo káàdì fóònù láti fi pa á mọ́, nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ máa ń ba káàdì jẹ́, SSD ni a lò. A fi wáyà so ó mọ́ router, a sì gbé àwọn méjèèjì sí ojú iná ínfátà. Láti orí fóònù tí ó wà lórí Wi-Fi ilé náà, a tẹ homeassistant.local:8123, ojú ewé rẹ̀ ṣí, a dá orúkọ àti password sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti fúnra rẹ̀ rí hub tí ó kù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó bi wá bóyá kí òun gbà á wọlé. Irú àwọn hub kan, bíi ti Philips Hue, yóò ní kí ẹ lọ fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé onílé ni ó fàṣẹ sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú router, kí ẹ fún hub ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí iná bá lọ tí ó dé, àdírẹ́sì lè yí, wọn á sì máa wá ara wọn kiri.

A tún fi èrìyà Zigbee kékeré kan sí ẹnu USB kọ̀ǹpútà náà. Ẹ má kì í bọ ẹnu USB tààrà, ẹ fi wáyà gígùn díẹ̀ sí i, nítorí ariwo tí USB 3 ń pa lórí ìgbì 2.4 GHz lè dí i létí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ìgbàlejò nínú Home Assistant, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ gbà wọlé mọ́lẹ̀ títí iná ara rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú. Bí kò bá wọlé, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà lábẹ́ hub mìíràn. Ẹ̀rọ Zigbee kì í sin ọ̀gá méjì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́. Orúkọ tí ẹ bá sọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ tí ará ilé mọ̀: “Iná yàrá Alhaja,” “Pọ́ǹpù ẹ̀yìnkùlé.”

Ọmọbìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ ni ó ṣe gbogbo ìyẹn, kò ju wákàtí méjì lọ. Onílé wà ní Amẹ́ríkà, òun náà sì fẹ́ ríran. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tí a ń lò kì í sábà fún ilé ní àdírẹ́sì tirẹ̀ gedegbe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí a tì pa, èyí tí wọ́n ń pè ní VPN, ni a fi so fóònù rẹ̀ mọ́ ilé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, òun ni kò ní rí ilé, àwọn tí ó wà nínú ilé kò ní mọ̀ rárá.

Pọ́ǹpù omi ni mo dá dúró lé. Súìṣì ọlọ́gbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi sí i kò lè gbé ju 10 ámpì lọ. Horsepower 1 jẹ́ 746 wáàtì, ẹ ó rò pé 10 ámpì ti pọ̀ jù fún un. Àmọ́ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń jí, iná tí ó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu súìṣì náà á sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ó bá lẹ̀, pọ́ǹpù kò ní kú mọ́, omi á máa dà sílẹ̀ ní àgbàlá mọ́jú. Kọ́ńtákítọ̀ ni kí ẹ fi sáàárín, kí súìṣì kékeré máa pàṣẹ fún kọ́ńtákítọ̀, kí kọ́ńtákítọ̀ máa gbé ẹrù. Kí ẹ sì fi ohun tí ń léfòó nínú táńkì sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó lè pa pọ́ǹpù bí hub bá tilẹ̀ ti kú. Bí ti Banu Musa ṣì ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

TA NI Ń WÒ MÍ?

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo ń ṣàlàyé kámẹ́rà pálọ̀ fún Alhaja. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ ni, àbí ó kàn ń wò mí?” Mo ní, “Ìyá, ó ń gbọ́ yín.” Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í síbẹ̀ ni mo ti ń tú gèlè mi síbí, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń wá bá mi sọ̀rọ̀ ilé wọn. Èmi ò mọ̀.”

Ojú tì mí. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà ń wolẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní èrò búburú; ìfẹ́ ìyá ni ó mú kí ọmọ rà á, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti sọ fún ìyá. Ẹ lọ ka Súrà Hujurat áyà 12 lórí títọ pinpin ẹlòmíràn, àti Súrà Nur áyà 27 lórí gbígba àyè kí a tó wọlé onílé. Ẹni tí ó wo inú pálọ̀ láti Amẹ́ríkà ti wọlé. A pe ọmọ náà lórí fóònù níṣojú ìyá, wọ́n jọ sọ ọ́. Kámẹ́rà jáde kúrò ní pálọ̀, a gbé e sí géètì, kí ó máa wo ojú títì.

Ọ̀rọ̀ password náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni wọ́n ń tà pẹ̀lú password kan náà, tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai fi irú password bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti router káàkiri ayé, ó sì sọ wọ́n di ọmọ ogun. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lò láti fi bo ilé iṣẹ́ fóònù Lonestar ní Liberia mọ́lẹ̀ ní ọdún náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ London rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Àwọn tí ó ni kámẹ́rà tí ó fi ṣiṣẹ́ ibi náà kò mọ nǹkan kan. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà kọ́ ògiri, ẹ yí password rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ kọ gbogbo password sí ìwé, ẹ fà á lé onílé lọ́wọ́, kí ẹ sì pa orúkọ yín rẹ́ kúrò nínú ètò náà níṣojú wọn. Ohun tí ẹ mọ̀ nípa ilé onílé, àmánà ni. Alhaja fi ìwé náà sínú àpótí tí àwọn ìwé ilẹ̀ wà, wọ́n sì pe ọmọ wọn kí ó fi owó iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó dé ní ọjọ́ kejì.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ilé kan tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí pátákó: níbo ni mítà wà, níbo ni ínfátà gbé, yàrá wo ni níútírà dé súìṣì rẹ̀, yàrá wo ni kò dé? Bí iná bá lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ̀rọ wo ni yóò kú, èwo ni yóò kù? Ta ni ẹ ní láti bi léèrè nínú ilé náà kí ẹ tó gbé kámẹ́rà kọ́? Àwọn arábìnrin ẹ̀ka Ìlọrà ti ní àwọn yóò lo mọ́sálásí wọn, nítorí pọ́ǹpù omi àlùwàlá ibẹ̀ ti ń dààmú wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀kọ́ oṣù tí ń bọ̀ yóò jẹ́ lórí bátìrì sólà àti bí a ti ń ka iye iná tí ilé ń jẹ.